Ẹlẹ́wù-Eegun Inú Adágún Omi Dídì

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ̀yin tí ẹ jókòó sórí gbòǹgbò àti ẹ̀yin tí ẹ fara ti ògiri, ẹ gbọ́ mi. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ̀pà, kí ó rọra máa fọ́ èèpo rẹ̀, nítorí ohùn mi kò le bíi ti àtijọ́ mọ́. Èmi ni Ọdẹ́rìndé ọmọ Ògúnṣèyẹ, èmi tí mo dojú kọ ẹfọ̀n ní Òkè Àjíbọ̀, tí ẹfọ̀n náà sì ṣubú sẹ́yìn kí ìbọn mi tó dún. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn tó bá mi gbé ẹran náà wálé ṣì wà láàyè, bí wọ́n tilẹ̀ ń sọ pé àwọn kò rántí.

Mo ti sọ ti ẹfọ̀n fún yín, mo ti sọ ti erè. Èyí tí mo fẹ́ sọ lónìí, n kì í fẹ́ sọ ọ́. Nínú gbogbo ibi tí mo ti rìn dé láyé, ibẹ̀ nìkan ni ẹsẹ̀ mi ti wà lára mi tí n kò lè lò ó.

Ìyàwó mi, Ayọ̀ká, ní àbúrò ọkùnrin kan ṣoṣo, Ọ̀jẹ́wùmí lorúkọ rẹ̀. Ọdẹ ni òun náà, ó sì mọ igbó. Nígbà tí ọyẹ́ mú gan-an ló wọ igbó lọ, kò sì padà. A wá a títí. A kò rí òkú rẹ̀, a kò rí ìbọn rẹ̀, a kò rí àpò rẹ̀. Ìyá wọn, Ọyátọ́lá, bá kọ oúnjẹ. Bí wọ́n bá gbé àwo síwájú rẹ̀, á tì í sí ẹnu ọ̀nà, á ní, "Ẹ gbé e pamọ́ fún Ọ̀jẹ́wùmí, ebi á ti máa pa á níbi tó wà." Obìnrin tó ti lè dá ru igi ìdáná fún ilé méjì wá di ẹni tí mo lè fi apá kan gbé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo jókòó níwájú ilé, mo ń fi òróró pa ìbọn mi. Ayọ̀ká jáde, ó dúró lé mi lórí.

Ó ní, "Bàbá Ṣówándé, ìyá mi ń kú lọ, ẹ̀yin ń fi òróró pa ìbọn. Ta lẹ fẹ́ yìn ín fún?"

Mo dìde, mo so àpò mọ́ra, mo lọ.

N kò ní fi ìrìn ọ̀nà dà yín láàmú. Mo kọjá àwọn igbó tí a mọ̀, mo kọjá àwọn tí a kò mọ̀, mo dé igbó kan tí igi rẹ̀ kò ní ewé, tí ilẹ̀ rẹ̀ funfun bí ẹni pé wọ́n da èlùbọ́ sí i. Ibẹ̀ ni mo ti rí èéfín tó ń jáde lẹ́nu mi. Mo rò pé inú mi ti gbiná. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu, èéfín gba imú jáde. Mo sáré yí igi kan po kí ó tó yé mi pé òtútù ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín yìí, bí ó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ẹ̀ bá ti sá délé.

Iwin kan jókòó dí ojú ọ̀nà níwájú. Ọwọ́ mẹ́ta ló ní, irun ojú rẹ̀ funfun, ó ń fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí àwọn ọwọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó ní, "Ọdẹ, má tíì kọjá. Omi ni mí, wọ́n lè kọ́lé lé mi lórí. Òkúta ni mí, ọmọ kékeré lè fi eyín fọ́ mi kí ó sì gbé mi mì. Kí ni mí?"

Èmi tí mo ti ṣa yìnyín sẹ́nu nígbà òjò ńlá ní kékeré! Mo gbé àyà síwájú. Mo ní, "Yìnyín ni ọ́! Béèrè èyí tó le ju ìyẹn lọ. Ọdẹ́rìndé lò ń bá sọ̀rọ̀."

Iwin náà mí kanlẹ̀. Ó ní, "O mọ̀ ọ́n. Àánú rẹ ṣe mí. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n ni mo máa ń lé padà sí ilé rẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, mo ní láti jẹ́ kí ó kọjá."

Mo bi í bóyá ọdẹ kan gba ibẹ̀ kọjá nígbà ọyẹ́, ọ̀dọ́kùnrin tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, tó ní àpá kan lágbọ̀n.

Ó ní, "Ìyẹn? Ó mọ̀ ọ́n kí n tó sọ̀rọ̀ tán."

Ó dùn mí pé àna mi yára jù mí lọ. Ìrora yẹn ni mo ń gbé kiri nínú tí n kò fi ronú sí ohun tí iwin náà sọ nípa ẹni tó ń lé padà sílé.

Báyìí ni mo dé etí adágún kan tó tẹ́ lọ títí ojú kò lè rí òpin rẹ̀. Omi ni, ṣùgbọ́n ó le. Mo fi ìdí ìbọn lù ú, ó dún kò. Lórí rẹ̀ ni wọ́n kọ́ àwọn ilé kéékèèké sí, ilé dúdú tí kò ní fèrèsé, wọ́n pọ̀ bí ọ̀gán inú pápá. N kò rí èéfín ìdáná, n kò gbọ́ igbe ọmọdé. Ọkùnrin kan tó fi awọ ẹran bora ń sáré bọ̀ wá pàdé mi. Ó ń rẹ́rìn-ín, kò sì dúró lójú kan. Bí ó ti ń kí mi ló ń yí mi ká.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ kú ìrìn o. Afẹ̀rínpè ni mí, ìránṣẹ́ ọba. Ìlú Má-dìde lẹ wà yìí. Ọba wa, Adìmọ́lẹ̀, ní kí a fún yín ní àpótí."

Mo ní, "N kò jókòó. Àna mi ni mò ń wá."

Mo sọ bí Ọ̀jẹ́wùmí ti rí fún un. Ó ní, "Ó wà. Ẹ kálọ."

Ó ṣí ilẹ̀kùn ilé kan, mo wọlé. Òkùnkùn inú rẹ̀ ṣú dùdù, àfi ilẹ̀ tó ń tàn. Àárín ilẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ ihò kan sí nínú omi dídì náà, ó fẹ̀ tó ẹní ọmọdé, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé sì ń ti inú omi jáde wá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà ni Ọ̀jẹ́wùmí jókòó lórí àpótí. Ọ̀kọ̀ ńlá kan wà lórí itan rẹ̀, orí ọ̀kọ̀ náà ní ìka bíi ti àmúga. Yìnyín ti bo irùngbọ̀n rẹ̀. Ó ń fi okùn tín-ínrín gbé ẹja onígi kan sókè sódò nínú omi, ojú rẹ̀ kò sì kúrò nínú ihò.

Mo pè é. Kò dáhùn. Mo pariwo, mo pàtẹ́wọ́, mo ki oríkì ilé wọn. Mo fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ó gbọ̀n ọ́n nù bí ẹni tó lé eṣinṣin.

Afẹ̀rínpè ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Ní ìlú yìí, ẹni tó jókòó kì í gbọ́ ohùn ẹni tó dúró. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó gbọ́ yín, àpótí kan ṣófo níbẹ̀ yẹn."

"Bí mo bá jókòó, ṣé màá lè dìde?"

"Ẹni tó bá fa Ẹlẹ́wù-eegun jáde nínú ihò tó wà níwájú rẹ̀ á dìde. Òfin ni. Ọba fúnra rẹ̀ kò lè yí i padà."

"Kí ni Ẹlẹ́wù-eegun?"

"Ẹja ni."

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹja! Èmi Ọdẹ́rìndé! Mo gbé ìbọn sílẹ̀, mo jókòó.

Ọ̀jẹ́wùmí yíjú sí mi kíá. Ó ní, "Yéè! Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tẹ́ ẹ jókòó?"

Afẹ̀rínpè ti ilẹ̀kùn.

Mo fẹ́ dìde lójú ẹsẹ̀. Ìdí mi ti lẹ̀ mọ́ àpótí, ẹsẹ̀ àpótí ti rì sínú omi dídì. Mo fa ọ̀bẹ yọ, mo gé ṣòkòtò mi láti ìbàdí, mo rò pé aṣọ ló há. Aṣọ kọ́, ara mi ni. Mo yọ àáké nínú àpò mi, mo ṣá ìdí àpótí; bí mo bá ti ṣá a, omi á sun síbẹ̀, á dì, ojú ibẹ̀ á sì dán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo gbé ìbọn, mo yìn ín sílẹ̀. Ẹ̀tù ti tutù, ó wulẹ̀ mí fìn bí arúgbó tó ń wúkọ́. Ọ̀jẹ́wùmí ń wò mí. Nígbà tí ó rẹ̀ mí, ó ní, "Èmi náà ṣe gbogbo ìyẹn. Ẹ máa wo ihò."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo ti wà nínú ẹ̀wọ̀n ọba rí, mo ti há sínú ihò àpáta pẹ̀lú ìyá ẹkùn. Wọn kò tó èyí. Nínú ihò àpáta, ẹni tó há ṣì lè yí ẹ̀gbẹ́ padà. Níbí, òtútù ń gba ìdí gòkè, ó ń gba orúnkún, ó ń gba itan, títí tí n kò fi mọ ibi tí ara mi parí sí tí igi àpótí ti bẹ̀rẹ̀. Afẹ̀rínpè ń ju ẹja gbígbẹ sí wa láti ẹnu ọ̀nà. Omi dídì abẹ́ wa ń kérora, ó ń ké kíké tó jinlẹ̀ bí ẹni tí àìsàn ń yí lórí ẹní, ìró rẹ̀ á sì gba abẹ́ gbogbo ìlú kọjá. Ìsàlẹ̀ omi funfun, nítorí àwọn tó jókòó ṣáájú wa ti da èèpo ẹyin síbẹ̀, kí ohunkóhun tó bá kọjá lè yọ dúdú. A ń wo èèpo ẹyin. A jí, à ń wò ó. A sùn, à ń wò ó lójú àlá.

Mo ní, "Ọ̀jẹ́wùmí, ìyá rẹ kò jẹun mọ́."

Ó gbé ẹja onígi sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ó ní, "Ìyá ta?"

"Ìyá rẹ. Ọyátọ́lá."

Ó ronú títí. Ó ní, "Ó dà bí ẹni pé mo ti gbọ́ orúkọ yẹn rí."

Ọ̀rọ̀ yẹn mú mi láyà ju òtútù lọ. Mo ní kí n rántí ojú Ayọ̀ká ìyàwó mi, kí n fi tu ara mi nínú. Mo wá a nínú orí mi, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni mo rí. Mo wá a lọ, mo wá a bọ̀. Ọwọ́ nìkan. Ni mo bá ké.

Ohùn obìnrin kan gba ara ògiri wá láti ilé kejì. "Ẹ̀yin ará ibí, ẹ máa pe orúkọ! Ẹ máa pe orúkọ àwọn ènìyàn yín síta, kí wọ́n má bàa bọ́ lọ́wọ́ yín. Ìyá Omítọ́gùn ni mí. Omítọ́gùn lọmọ mi. Omítọ́gùn, Omítọ́gùn, Omítọ́gùn. Ẹ gbọ́ bí mo ti ń ṣe é?"

Ó sọ fún wa pé ọlọ́kọ̀ ojú omi lòun, pé ẹja lòun ń lé lọ tí òun fi ṣìnà wọ ìlú náà, pé ọmọ òun kò tíì lè dá wẹ̀ nígbà tí òun kúrò nílé. Ó ní ojú ọmọ náà ti lọ ní orí òun, ṣùgbọ́n orúkọ kò lọ. Láti ìgbà náà la ti ń pe orúkọ. Èmi ń pe Ayọ̀ká, mo ń pe Ṣówándé ọmọ mi. Mo fi agbára mú Ọ̀jẹ́wùmí kí ó máa pe Ọyátọ́lá. Ó ń pè é bí ẹni tó ń ka ohun tí kò yé e, títí ó fi di ìgbà kan tí ó pè é tán tí ó sì yíjú sí mi.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní kò jẹun?"

Mo ní, "Ìwọ ló ń gbé oúnjẹ pamọ́ dè."

Ó bú sẹ́kún. Omijé náà dì lójú rẹ̀, mo fi èékánná bá a ṣí i kúrò.

Nígbà náà ni ìsàlẹ̀ omi ṣókùnkùn. Èèpo ẹyin pòórá lójú wa. Ohun kan ń kọjá lábẹ́ wa, ó ń kọjá, kò sì tán. Ó gùn ju ọkọ̀ ojú omi lọ. Kò ní ìpẹ́. Eegun ló tò sí ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni to ọkọ́ àwọn tó ń ṣe àáró lóko, eegun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ọ̀tún àti òsì. Ẹnu rẹ̀ gùn, irùngbọ̀n mẹ́rin sì rọ̀ sábẹ́ ẹnu náà, ó ń fi wọ́n wọ́ ilẹ̀ bí afọ́jú tó ń fi ọ̀pá wá ọ̀nà. Mo gba ọ̀kọ̀ lọ́wọ́ àna mi. Mo ki ara mi, mo pe oríkì bàbá mi, mo jù ú.

Ó dún gan-an bí ìgbà tí òòlù bá owú. Ọ̀kọ̀ yọ̀, ó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹja náà kò tilẹ̀ yára. Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀jẹ́wùmí ní, "Mo gbàgbé láti sọ fún yín. Ọ̀kọ̀ kì í wọ ara rẹ̀ láti òkè."

Ẹ wò mí dáadáa, ẹ̀yin tí ẹ ń gbóríyìn fún mi. Ọjọ́ náà, mo jókòó bí ọmọ tí wọ́n gba oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ọdẹ ṣì wà lórí mi. Nígbà tí ẹja náà tún kọjá, n kò ju nǹkan kan, mo ń wò ó ni. Mo rí i pé bí ó bá ti yà, àyè kan máa ń là láàárín eegun ẹ̀yìn àti eegun ẹ̀gbẹ́, awọ lásán ló sì wà níbẹ̀. Mo tún rí ohun kejì. Òfin ìlú ní kí a so okùn ọ̀kọ̀ mọ́ òpó ilé. Òpó yẹn ló sì ń gba gbogbo agbára ẹja.

Mo ní, "Ọ̀jẹ́wùmí, ta ló lágbára nínú ilé yìí?"

"Kò sí."

"Ẹja yẹn ni. Bí a bá so okùn mọ́ àpótí ńkọ́? Kí òun fúnra rẹ̀ fà wá tu."

Ó ní, "Ẹ so ó mọ́ tiyín."

Mo ní, "Èmi kọ́ ni ìyá rẹ ń pè." Mo na ara, mo so okùn mọ́ ẹsẹ̀ àpótí rẹ̀. Ó ní òun kò gbà, mo ní kí ó bọ́ọ́lẹ̀ kí ó wá tú u. Kò lè bọ́ọ́lẹ̀.

A dúró de ẹja náà títí òtútù fi gun àyà mi. Ó dé. Ọ̀jẹ́wùmí yí ẹja onígi sápá kan, Ẹlẹ́wù-eegun yà láti wò ó, àyè ara rẹ̀ là. Mo gún un. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò gbọ́ ìró irin. Ó wọlé jẹ́ẹ́, bí ọ̀bẹ ti ń wọ iṣu sísè.

Ilé mì. Okùn le gan. Omi dídì abẹ́ Ọ̀jẹ́wùmí ya, àpótí tu pẹ̀lú rẹ̀ lórí, ó lọ gbá etí ihò, ó fọ́ yángá. Àna mi nà sílẹ̀ gbalaja, ó ti kúrò lórí ìjókòó. Ẹja sinmi díẹ̀, okùn dẹ̀, igi tó kù lára okùn ń yọ̀ lọ sínú ihò. Mo ní kí Ọ̀jẹ́wùmí máa sáré lọ sílé. Ó gbọ́ mi, ó di òpó mú dìde, ó sì ń dá mi lóhùn, mo rí ẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ nǹkan kan, nítorí òun dúró, èmi ṣì jókòó. Kò lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè gbé e pẹ́, ó ṣubú, ó wọ́, ó di okùn mú, ó fà á wá, ó so ó mọ́ àpótí mi. Bí ó ti so ó tán, Ẹlẹ́wù-eegun tún sáré.

Ohun tí àwa méjèèjì kò rò ni pé àpótí àkọ́kọ́ ti fọ́ etí ihò, ihò ti fẹ̀ sí i. Àpótí tèmi kò há. Tòun tèmi la jọ wọ inú omi.

Ẹ dákẹ́ díẹ̀.

Inú omi náà, àpótí jábọ́ ní ìdí mi, mo di òmìnira, kí ni mo sì fẹ́ fi òmìnira ṣe? Òrùlé omi dídì wà lórí mi, ó nà lọ níbi gbogbo. Mo fi orí gbá a, mo fi ìkúùkù lù ú. Mo yí okùn mọ́ ọwọ́ òsì mi, ẹja ń wọ́ mi lọ. Mo wòkè, mo rí àwọn ihò, ihò ìmọ́lẹ̀ kéékèèké káàkiri. Nínú ihò kọ̀ọ̀kan, ojú ènìyàn kan ń wo ìsàlẹ̀. Inú mi dùn. Mo na ọwọ́ sí èyí tó sún mọ́ mi.

Ẹni náà gbé ọ̀kọ̀ sókè.

Ó wá yé mi. Èèpo ẹyin ló wà lábẹ́ mi, òjìji dúdú ni èmi. Èmi ni wọ́n ti ń dúró dè láti ọjọ́ pípẹ́ wá. Ọ̀kọ̀ kan kọjá létí mi. Òmíràn gé mi léjìká; àpá rẹ̀ nìyí, ẹ fọwọ́ kàn án. N kò bínú sí wọn. Bí ó bá jẹ́ èmi, mà bá jù ú.

Èémí ti tán nínú mi nígbà tí mo dé abẹ́ ihò kan tó súnmọ́ tiwa. Ojú obìnrin kan wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ rẹ̀ ti wà lókè. Mo ya ìka ọwọ́ mi, mo nà án síta. Ó wò ó. Ó yí ọ̀kọ̀ náà padà, ó ti igi rẹ̀ sí mi, mo dì í mú, ó fà mí. Obìnrin tó jókòó, tí kò lè dìde, ló fi apá lásán fa odindi ọkùnrin jáde nínú omi.

Mo nà sílẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ń pọ omi. Nítorí pé mo dùbúlẹ̀, tí ògiri kò sì sí láàárín wa, ó gbọ́ mi.

Ó ní, "Mo ní ẹja wo ló níka?"

Mo mọ ohùn náà. Mo ní, "Ìyá Omítọ́gùn."

"Ẹ̀gbọ́n ọdẹ! Ẹ̀yin náà rèé? Ohùn yín jọ ti ẹni tó sanra."

Okùn ṣì wà lọ́wọ́ mi, ẹja ṣì wà lópin rẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ọ̀jẹ́wùmí fi orúnkún wọ́ wọlé. A fà á, àwa mẹ́ta. Orí rẹ̀ yọ nínú ihò, irùngbọ̀n mẹ́rin yọ, eegun bẹ̀rẹ̀ sí ha etí omi dídì. A fà á tí ọwọ́ wa fi bó, títí gbogbo rẹ̀ fi jáde, tí ìrù rẹ̀ sì ti ilẹ̀kùn ṣí. Bí ìrù náà ti kúrò nínú omi, ìdí àpótí Ìyá Omítọ́gùn dún pẹ́ẹ́, ó sì tú u sílẹ̀.

Ó dìde. Orúnkún rẹ̀ ń wá ibi tí yóò gbà tẹ̀. Mo gbé èjìká fún un, ó ní kí n gbé e kúrò. Ó dúró fúnra rẹ̀, gbọnrangandan.

Ọba Adìmọ́lẹ̀ dé, ó ń rìn yí ilé po, òun náà kò lè dúró. Ó ní, "Ta ló fà á jáde?"

Ìyá Omítọ́gùn ní, "Inú ihò mi ló ti jáde."

Ọba wo èmi àti Ọ̀jẹ́wùmí. "Ta ló ní kí ẹ̀yin dìde?"

Mo ní, "Kábíyèsí, ẹja yín ló fà wá. Ẹ bi í."

Ó wo ẹja, ó wò wá, ó ní kí a máa lọ kúrò níwájú òun.

À ń lọ láàárín àwọn ilé dúdú náà. Ọ̀jẹ́wùmí gbára lé mi. Láti inú ilé kọ̀ọ̀kan la ti ń gbọ́ àwọn tó jókòó tí wọ́n ń pe orúkọ: Àjíṣafẹ́. Mopélọ́lá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe láti ìgbà tí Ìyá Omítọ́gùn ti kọ́ wọn. Ó dúró. Ó fi ọwọ́ gbá ògiri ilé kan, ó kígbe, "Ẹ so okùn mọ́ àpótí! Ẹ má so ó mọ́ òpó!" Ó gbá òmíràn, ó kígbe títí ohùn rẹ̀ fi há. Kò sí ẹni tó gbọ́. Ẹni tó dúró ni.

Ó yíjú sí mi. Mo ti mọ ohun tó fẹ́ sọ, mo di etí aṣọ rẹ̀ mú.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ yín ńkọ́?"

Ó ní, "Ẹ bá mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ sọ pé mò ń bọ̀. Mo ti mọ ọ̀nà àtijáde báyìí, kò dà bíi ti tẹ́lẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí èmi jókòó sọ fún wọn."

"Wọn kò mọ ohùn yín. Tèmi ni wọ́n mọ̀." Ó rọra tú ọwọ́ mi kúrò lára aṣọ rẹ̀. "Bí mo bá délé báyìí, ẹ̀gbọ́n ọdẹ, n kò ní lè jókòó nínú ilé mi kí n má máa gbọ́ wọn."

Ó wọ ilé kan tí àpótí rẹ̀ ṣófo. Ó jókòó. Mo pè é, kò gbọ́ mi mọ́. Ṣùgbọ́n àwa gbọ́ ọ. Ó ń sọ ọ́ fún ilé kejì, ilé kejì sọ ọ́ fún ilé kẹta, ọ̀rọ̀ náà ń gba ara ògiri lọ lójú adágún náà, "Ẹ so okùn mọ́ àpótí, ẹ so okùn mọ́ àpótí," títí ó fi jìnnà ju ibi tí etí wa lè dé.

Mo gbé Ọ̀jẹ́wùmí délé. Ìyá rẹ̀ fọwọ́ wá àpá àgbọ̀n rẹ̀ kí ó tó gbà pé òun ni, ó sì béèrè oúnjẹ. Ayọ̀ká dúró níwájú mi. Mo wo ojú rẹ̀ títí ó fi bi mí bóyá ara mi kò yá.

N kò sinmi pẹ́. Mo lọ sí abúlé ẹ̀bá odò tí Ìyá Omítọ́gùn júwe fún mi. Mo ń wá ọmọ kékeré, mo ń pe Omítọ́gùn. Ọkùnrin kan tó ń fi ọ̀dà dí ojú ọkọ̀ rẹ̀ ló dá mi lóhùn; ewú ti ń yọ lágbọ̀n rẹ̀. Mo jókòó tì í, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí mo ti sọ ọ́ fún yín yìí. Kò sunkún. Kò tilẹ̀ sọ pé irọ́ ni. Ó ń ro ọ̀dà náà ṣáá.

Nígbà tó pẹ́, ó ní, "Bàbá, ẹ ní ó dìde?"

Mo ní, "Ó dìde. Ojú mi ló ṣe."

"Ó ga?"

Mo ní kí ó dìde. Ó dìde, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó dúró níwájú mi. Mo gbé ọwọ́ mi, mo fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan abẹ́ etí rẹ̀. Mo ní, "Ibí ló dé."

Ó fi ọwọ́ tirẹ̀ di ọwọ́ mi mú níbẹ̀, kò sì jẹ́ kí n tètè gbé e kúrò.